Ọwọ́ Àwọn Ìyá: Ìtàn Obìnrin Nínú Ìjọ Kristi ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́

Ní ọdún 1897, àlùfáà ìjọ Áńgílíkà kan ní ìlú Ọ̀yọ́ parí ìwé ńlá kan tí ó ti ń kọ bọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Samuel Johnson ni orúkọ rẹ̀. Ìwé náà ni gbogbo ayé wá mọ̀ sí The History of the Yorubas, lẹ́yìn tí àbúrò rẹ̀ Obadiah tún un tò tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921. Nígbà tí Johnson dé orí ọ̀rọ̀ ààfin Àláàfin, kò sáré kọjá lára àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀. Ó to àwọn ìyá olóyè lẹ́sẹẹsẹ, ó sì sọ iṣẹ́ oníkálukú wọn. Ìyá Nàsó ló ń bojú tó ojúbọ Ṣàngó tí í ṣe ti ọba fúnra rẹ̀. Ìyá Mọnàrí ló tẹ̀ lé e. Ní ti Ìyá Kéré, ọwọ́ rẹ̀ ni ìṣúra ọba àti gbogbo ohun ẹ̀yẹ ipò ọba wà. Òun ló ń gbé adé lé Àláàfin lórí lọ́jọ́ tó bá gorí ìtẹ́. Bí ọba bá ṣẹ̀ ẹ́, ó lè kọ̀ láti kó ohun ẹ̀yẹ náà sílẹ̀, ọba kò sì ní lè jáde sí gbangba lọ́jọ́ náà.

Ìlú tí obìnrin ti ń dé ọba ládé yìí ni Johnson ti ṣe àlùfáà láti 1887 títí ó fi kú ní 1901. Ṣùgbọ́n nínú ṣọ́ọ̀ṣì tirẹ̀, kò sí obìnrin tó lè gun orí àga ìwàásù. Àwọn òyìnbó C.M.S. (Church Missionary Society) kò rí irú rẹ̀ rí nílé, àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kọ́ kò sì béèrè lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ St. Andrew's ṣí wá sí Ọ̀yọ́ ní 1896, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tíṣà àti àwọn tí yóò di àlùfáà lọ́jọ́ iwájú, ọkùnrin ni wọ́n ń gbà. Ẹ̀sìn tuntun bá àwọn ìyá olóyè nílẹ̀ ní Ọ̀yọ́, kò sì gbé oyè kankan wá fún àwọn ọmọbìnrin wọn.

Síbẹ̀, ẹni tó bá tú ìtàn ìjọ wò láti Ọ̀yọ́ dé Ògbómọ̀ṣọ́, ọwọ́ obìnrin ni yóò máa bá nídìí rẹ̀. Ohun tí ìtàn yìí fi hàn ni pé iṣẹ́ kò fi ìgbà kan wọ́n obìnrin nínú ìjọ níhìn-ín. Oyè ló wọ́n wọn. Ẹni tí ó bá rò pé obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tọrọ àyè nínú ilé Ọlọ́run ni, ẹni náà kò tíì bi àwọn àgbà léèrè bí ilé náà ṣe dìde.

Johnson fúnra rẹ̀ lè jẹ́rìí. Ọmọdé ni nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ kó wọn ti Sàró dé Ìbàdàn, sí àgọ́ àwọn míṣọ́nnárì ní Kúdẹtì. David Hinderer ni àlùfáà ibẹ̀, ṣùgbọ́n Anna ìyàwó rẹ̀ ni àwọn ọmọ mọ̀. Ọdún 1853 ni tọkọtaya náà dé Ìbàdàn. Anna ló ń kó àwọn ọmọ jọ, tó ń kọ́ wọn ní ìwé kíkà àti orin, tó sì ń wẹ̀ wọ́n tó ń bọ́ wọn bí ọmọ inú rẹ̀. Nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní 1860, ọ̀nà etíkun dí pa, owó àti oúnjẹ kò wọlé mọ́. Àwọn Hinderer ń ta ẹrù ilé wọn láti fi bọ́ àwọn ọmọ tó wà lọ́wọ́ wọn. Ọkùnrin ló wà lórí ìwé iṣẹ́ C.M.S., ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ìjọ ṣe rí nínú ọdún ebi yẹn, ìwé ìrántí Anna tí a tẹ̀ lẹ́yìn ikú rẹ̀ ní 1870 ni yóò ṣí.

Ṣáájú ìyẹn pàápàá, obìnrin ará Ọ̀yọ́ kan wà tí a kì í sábà dárúkọ bí a bá ń dárúkọ àwọn baba ìgbàgbọ́. Àfàlá ni. Ìlú Òṣoògùn, tó wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ òní, ni ilé rẹ̀. Ní 1821, àwọn amúnilẹ́rú kó ìlú náà, wọ́n mú Àfàlá àti àwọn ọmọ rẹ̀, wọ́n sì yà wọ́n kúrò lọ́dọ̀ ara wọn. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà ni Àjàyí, tí ayé wá mọ̀ sí Samuel Ajayi Crowther. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n gbáko ni ìyá àti ọmọ kò fi gbúròó ara wọn, kí wọ́n tó pàdé ní Abẹ́òkúta ní 1846, nígbà tí Àjàyí ti di àlùfáà. Ní 1848 Àfàlá ṣe ìrìbọmi, a sì sọ ọ́ ní Hannah. Ó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣe ìrìbọmi nínú ìjọ Abẹ́òkúta. Kò kú títí di 1883; ó wà láyé nígbà tí ọmọ rẹ̀ di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Ìyá tó ti di arúgbó, tí wọ́n ti tà láti ọwọ́ dé ọwọ́, ló di ọmọ ìjọ tí ọmọ rẹ̀ ń kọ́.

Ohun mìíràn wà tó mú kí obìnrin pọ̀ ju ọkùnrin lọ nínú ìwé orúkọ ìjọ láyé ìgbà náà. Òfin ìjọ ni. Bí ọkùnrin bá ní ìyàwó méjì, mẹ́ta, C.M.S. kì í ṣe ìrìbọmi fún un àfi bó bá kọ́kọ́ kọ àwọn yòókù sílẹ̀ kó ku ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n wọ́n lè ṣe é fún àwọn ìyàwó rẹ̀, nítorí wọ́n gbà pé kì í ṣe ẹ̀bi obìnrin pé ọkọ rẹ̀ fẹ́ ẹlòmíràn lé e. Àpérò àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní Lambeth ní 1888 gbà bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Nítorí náà ọ̀pọ̀ ìyá ló wọ ìjọ lọ láì dúró de ọkọ. Wọ́n ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, wọ́n sì ń padà sí ilé tí ẹ̀sìn mìíràn wà. Àwọn ọmọ tí wọ́n pọ̀n dání lọ síbẹ̀ ni wọ́n dàgbà di olùkọ́ni, alàgbà àti pásítọ̀. Ó sì dun ni pé nígbà tí Ẹgbẹ́ Ìyá, tí Mary Sumner dá sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1876, dé ọ̀dọ̀ wa, ìyàwó òrùka ló ní àyè níbẹ̀. Ìyá tó kọ́kọ́ mú ìdílé wọ inú ìgbàgbọ́ lè má rí àga nínú ẹgbẹ́ àwọn ìyá.

Nǹkan bí 50 kìlómítà sí àríwá ìlà-oòrùn Ọ̀yọ́, Ògbómọ̀ṣọ́ ní ìtàn tirẹ̀, ìtàn náà kò sì yọ obìnrin sílẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Àwọn ará ìlú máa ń sọ pé nígbà tí Ògúnlọ́lá ọdẹ tẹ̀dó sí abẹ́ igi àjàgbọn, Lórungbẹ́kún ìyàwó rẹ̀ ló ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ tí ó fi ń fa àwọn ènìyàn wá síbẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń mu ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ di ibi tí wọ́n ń gbé, ó sì di ìlú.

Ní oṣù September 1855 ni Thomas Jefferson Bowen, míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi láti Georgia ní Amẹ́ríkà, wọ ìlú yìí pẹ̀lú Lurana ìyàwó rẹ̀. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ ní Ìjàyè kí wọ́n tó dé, wọ́n sì ti sin ọmọ-ọwọ́ wọn kan síbẹ̀. Òkè-Ẹlẹ́rín ni ìjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ wà títí di òní. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni àìsàn lé tọkọtaya náà padà sílé. Orúkọ Bowen wà lára yunifásítì kan ní Ìwó àti lára ilé ìwòsàn ńlá kan ní Ògbómọ̀ṣọ́. Orúkọ Lurana kò tàn tó bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà kan náà ni wọ́n jọ rìn, ibà kan náà ló ṣe wọ́n, ọmọ kan náà ni wọ́n jọ sunkún.

Lẹ́yìn wọn, iṣẹ́ Onítẹ̀bọmi fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tán. Ogun Ìjàyè tú àwọn míṣọ́nnárì ká. Ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀, owó kò wá mọ́. Kò sí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti hàn tó Èkó. Joseph Harden, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú láti Amẹ́ríkà tó dá ìjọ Onítẹ̀bọmi sílẹ̀ níbẹ̀, kú ní 1864. Ó ku Sarah opó rẹ̀. Kò sí míṣọ́nnárì mìíràn tó gba ipò Harden, kò sì sí ẹni tó ń san owó oṣù fún opó náà. Òun ló kó ìwọ̀nba àwọn onígbàgbọ́ tó kù jọ, tó dì wọ́n mú fún ọdún mẹ́wàá ó lé, títí W. J. David àti W. W. Colley fi dé láti Amẹ́ríkà ní 1875. Kí ni ìyẹn fi kan Ògbómọ̀ṣọ́? Moses Ládèjọ Stone, ọmọ bíbí Ògbómọ̀ṣọ́, ni Onítẹ̀bọmi Yorùbá àkọ́kọ́ tí a gbé ọwọ́ lé, ní 1880, Èkó ló sì ti ṣe pásítọ̀. Ìjọ tó bá nílẹ̀ láti bójú tó, opó kan ló tọ́jú rẹ̀ dè é. Bí àwọn ìwé ìtàn bá ń to àwọn olórí ìjọ náà lẹ́sẹẹsẹ, wọ́n máa ń fo láti Harden sí David bí ẹni pé àyè náà ṣófo. Kò ṣófo. Obìnrin ló wà níbẹ̀.

Ní 1898, C. E. Smith dá ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn pásítọ̀ sílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Òun ló di sẹ́mínárì Onítẹ̀bọmi tí gbogbo Nàìjíríà mọ̀. Ní 1914 àwọn ìjọ Onítẹ̀bọmi ilẹ̀ Yorùbá para pọ̀ ní Ìbàdàn. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, ní 1919, àwọn obìnrin dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, Women's Missionary Union (W.M.U.), bí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Amẹ́ríkà ti ṣe ní Richmond ní 1888. Ẹ jẹ́ kí a dúró lórí ẹgbẹ́ yìí díẹ̀, nítorí inú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ obìnrin Ògbómọ̀ṣọ́ ti kọ́ ìṣàkóso.

W.M.U. kì í ṣe ẹgbẹ́ aṣọ àti àsè. Ó pín sí ìsọ̀rí láti ìgbà èwe. Àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ni Sunbeam. Àwọn ọmọbìnrin tó ti ń bàlágà ni G.A. (Girls' Auxiliary). Àwọn ọ̀dọ́bìnrin ni Lydia, orúkọ oníṣòwò aṣọ elésè àlùkò tí Pọ́ọ̀lù pàdé ní Fílípì, tí ìjọ bẹ̀rẹ̀ sí í pàdé nílé rẹ̀. Àwọn ìyá sì wà ní W.M.S. (Women's Missionary Society). Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní alága, akọ̀wé àti akápò. Wọ́n ń ka ìwé ìpàdé, wọ́n ń ṣàtúnṣe rẹ̀ tàbí kí wọ́n fọwọ́ sí i, wọ́n ń gba owó wọ́n sì ń ṣírò rẹ̀. Ìyá tí kò lè sọ̀rọ̀ níwájú àwọn àgbà ọkùnrin nínú ìpàdé ìjọ ti ń darí ìpàdé obìnrin láti ìgbà tó wà ní Lydia.

Ọjọ́ ìdáde àwọn G.A. ló tó wò. Ọmọbìnrin kò lè dédé dé adé. Ó ní ìpele tí ó gbọ́dọ̀ là kọjá. Ó gbọ́dọ̀ ti há ẹsẹ Bíbélì sórí, kó mọ ìtàn iṣẹ́ ìránṣẹ́, kó mọ orúkọ àwọn míṣọ́nnárì àti ibi tí wọ́n wà. Nígbà tó bá yege, yóò wọ aṣọ funfun gùn dé ẹsẹ̀, yóò rìn láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀ wá síwájú, tòun ti ìtìjú àti ìgbéraga lójú kan náà. Wọ́n á gbé adé lé e lórí lójú gbogbo ìjọ, àwọn ìyá á bú sí orin, bàbá rẹ̀ á sì máa wá áńkáṣíìfù lápò. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ púpọ̀ tó di olùkọ́, nọ́ọ̀sì tàbí ọ̀gá ní ọ́fíìsì lónìí, ọjọ́ yẹn ni ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ó dúró níwájú ọ̀pọ̀ ènìyàn láì bẹ̀rù.

Nínú ìlú kan náà, ọ̀rọ̀ ìlera wà lọ́wọ́ obìnrin bákan náà. Dókítà George Green dé ní 1907, ilé ìwòsàn Onítẹ̀bọmi sì ṣí ní 1923. Òun ló di ilé ìwòsàn ìkọ́ni Yunifásítì Bowen lónìí. Ṣùgbọ́n ìṣòro kan wà tí abẹ́rẹ́ dókítà kò lè yanjú. Bí aboyún bá kú lọ́wọ́ ìrọbí, ta ni yóò tọ́ ọmọ náà? Ruth Kersey, nọ́ọ̀sì míṣọ́nnárì, ló gbé àwọn ọmọ aláìníyàá náà sọ́dọ̀. Ilé tó kọ́ fún wọn ṣì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, Kersey Children's Home. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ kú kò wá di òkú kejì nílé mọ́. Ìwàásù wo ló tó ìyẹn? Kò sí ẹni tó gbé ọwọ́ lé Ruth Kersey lórí, ṣùgbọ́n àwọn tí ó gbà là kò lóǹkà nínú ìdílé Ògbómọ̀ṣọ́.

Òwò ló gbé ìtàn yìí kọjá odi ìlú. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá ni àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ ti ń lọ sí òkè Ọya àti sí Gold Coast, tó di Gánà. Kànò, Sàríà, Jọ́ọ̀sì, Kùmásì, Tàmàlé: ibi tí wọ́n bá pàtẹ sí ni wọ́n ń ṣe ìsìn sí. Àwọn oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ṣakí, Ìgbòho àti Ìgbẹ́tì ló gbin ìjọ Onítẹ̀bọmi sí ọ̀pọ̀ ìlú Gánà kí míṣọ́nnárì òyìnbó tó débẹ̀. Yorùbá ni wọ́n fi ń kọrin, Yorùbá ni wọ́n fi ń wàásù. Àwọn obìnrin sì jẹ́ gbòógì nínú òwò náà. Lọ́wọ́ èrè aṣọ, ìlẹ̀kẹ̀ àti ọjà wéwèèwé ni owó ṣọ́ọ̀ṣì ti ń jáde: owó bíríkì, owó páànù, owó oṣù pásítọ̀.

Nígbà tó di November 1969, ìjọba Kofi Busia ní Gánà kéde pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún Yorùbá kó ẹrù wọnú lọ́rì. Ẹni tó ti lo ogójì ọdún lẹ́yìn odi fi ilé àti gbèsè tí a jẹ ẹ́ sílẹ̀. Àwọn ilé ìsìn dúró, èrò inú wọn lọ. Àwọn ìyá tó padà dé Ògbómọ̀ṣọ́ ní ọwọ́ òfo bá W.M.U. nílé, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti béèrè iye tí wọ́n kó bọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn tún òwò bẹ̀rẹ̀ láti orí igbá, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í dá owó ìjọ.

Lọ́dọ̀ àwọn Aládùúrà, obìnrin kò dúró de ẹni tó máa pè é. Ní 1918, nígbà tí àjàkálẹ̀ ibà lúkúlúkú ń pa ènìyàn káàkiri ayé, Sophia Odúnlámì, olùkọ́ ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ní Ìjẹ̀bú-Òde, jí lórí àìsàn, ó sì ní Ẹ̀mí bá òun sọ̀rọ̀. Ọ̀dọ̀ òun àti J. B. Sadare ni ẹgbẹ́ àdúrà tó wá di Christ Apostolic Church (C.A.C.) ti ṣẹ̀. Ní 1925 ní Èkó, Christiana Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ṣubú sínú ìran. Moses Orímọlàdé wá gbàdúrà fún un, àwọn méjèèjì sì dá Séráfù sílẹ̀, èyí tó wá di Kérúbù àti Séráfù. Abíọ́dún yìí ló kó ikọ̀ ajíhìnrere wọ àwọn ìlú òkè ní 1927, lásìkò tí ọ̀pọ̀ kò tíì rí ọmọbìnrin tó ń wàásù ní gbangba rí. Wọ́n ń pè é ní Kápútẹ́nì. Ní 1929 òun àti Orímọlàdé pínyà. Lẹ́yìn tí Orímọlàdé kú ní 1933, ọ̀pọ̀ ọkùnrin nínú ẹgbẹ́ náà kò fẹ́ kí obìnrin jẹ́ olórí wọn, ìjà náà sì gùn títí di ọjọ́ ogbó rẹ̀. Ó kú ní 1994.

Ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, ẹni tó bá wọ ilé àdúrà yóò bá Ìyá Àdúrà, Ìyá Ìjọ, wòlíì obìnrin. Lọ́dọ̀ C.A.C., ìyá agbẹ̀bí ni àwọn aboyún ń sá tọ̀. Ó ń fọwọ́ kan ikùn, ó ń gbàdúrà sí omi, ó ń kọrin títí di òru nígbà tí ìrọbí bá pẹ́. Àwọn ìyá wọ̀nyí ń gba ẹ̀mí méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Síbẹ̀, ìjọ tí Sophia Odúnlámì wà nídìí rẹ̀ kì í fi obìnrin jẹ pásítọ̀. Ní ìjọ Sẹ̀lẹ́, tí S. B. J. Oshoffa dá sílẹ̀ ní Pọ́tónófò ní 1947, obìnrin kì í ṣe ìsìn lórí pẹpẹ. Ó ṣòro láti gbà pé Ọlọ́run tó ń rán obìnrin ní iṣẹ́ ní òru yóò kọ̀ kó jíṣẹ́ náà ní ọ̀sán.

Láàárín àwọn Áńgílíkà, ọ̀rọ̀ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà lẹ́ẹ̀kan rí, nítòsí Ògbómọ̀ṣọ́ pàápàá. Ní December 1993, Bíṣọ́ọ̀bù Herbert Haruna ti Kwara fi obìnrin mẹ́ta jẹ díákónì. Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Joseph Adétiloyè fagi lé e. Títí di ìsinsìnyí, ìjọ Áńgílíkà Nàìjíríà kì í fi obìnrin jẹ àlùfáà, bẹ́ẹ̀ ni ti Kátólíìkì. Ọmọbìnrin Ọ̀yọ́ tó jẹ́ Áńgílíkà lè jẹ́ adájọ́, kó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n, kó sì jókòó sí ìgbìmọ̀ ìjọ. Kò lè ya àkàrà àti wáìnì sí mímọ́.

Ẹni tó fi ìmọ̀ ja ìjà yìí jù lọ ní agbègbè wa ni Mercy Amba Oduyoye, ọmọ Gánà, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, tó fẹ́ Módúpẹ́ Oduyoye tó jẹ́ Yorùbá. Ó kọ́ni ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn ní Yunifásítì Ìbàdàn ní àwọn ọdún 1970 sí 1980. Ní 1989 ó kó àwọn obìnrin onímọ̀ ẹ̀sìn láti káàkiri Áfíríkà jọ ní Legon, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ tí àwọn obìnrin ti ń kọ ìwé nípa Bíbélì fúnra wọn. Ohun tó ń tẹnu mọ́ kò yí padà: àṣà wa àti Bíbélì, ọkùnrin nìkan ló ti ń túmọ̀ méjèèjì fún wa tipẹ́tipẹ́. Nígbà tí obìnrin bá ka Róòmù orí 16, Febe tó jẹ́ ìránṣẹ́ ìjọ ní Kẹnkíríà ló kọ́kọ́ rí, ó sì rí Pírískílà, ẹni tí Pọ́ọ̀lù dárúkọ ṣáájú ọkọ rẹ̀.

Lọ́dọ̀ àwọn Onítẹ̀bọmi Nàìjíríà, ìlẹ̀kùn ti ṣí. Àwọn obìnrin ń kàwé gboyè ní sẹ́mínárì Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n ń kọ́ni níbẹ̀, a sì ti gbé ọwọ́ lé àwọn kan nínú wọn. Ẹ wo bí nǹkan ṣe yí po: ìjọ Southern Baptist ní Amẹ́ríkà, tó rán Bowen wá, kọ ọ́ sínú ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ rẹ̀ ní 2000 pé ọkùnrin nìkan ni ipò pásítọ̀ wà fún. Ní June 2023 àpérò wọn fọwọ́ sí i pé kí wọ́n yọ ìjọ Saddleback ní California kúrò láàárín wọn nítorí ó ní pásítọ̀ obìnrin. Àwọn ọmọ tí míṣọ́nnárì bí ti kọjá ibi tí míṣọ́nnárì fúnra rẹ̀ dúró sí. Ẹni tó bá sọ pé òyìnbó ló kó ọ̀rọ̀ pásítọ̀ obìnrin wọlé, kí ó wo ìyẹn dáadáa.

Ṣùgbọ́n ìgbọ́wọ́lé nìkan kò tó. Lọ́dọ̀ Onítẹ̀bọmi, bíṣọ́ọ̀bù kò sí tí yóò yan pásítọ̀ ránṣẹ́ sí ìjọ. Ìjọ kọ̀ọ̀kan ló ń pe pásítọ̀ tirẹ̀. Ìgbìmọ̀ yóò wá ènìyàn, wọn yóò mú orúkọ wá síwájú ìpàdé ìjọ, gbogbo ọmọ ìjọ yóò sì dìbò. Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń há. Obìnrin tó jáde ní sẹ́mínárì máa ń rí iṣẹ́ àwọn ọmọdé gbà, tàbí iṣẹ́ orin, tàbí iṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ pásítọ̀. Ìjọ tó pè é láti wá jẹ́ pásítọ̀ àgbà ṣọ̀wọ́n. Wọ́n á ní àwọn àgbà kò ní gbà, tàbí pé ta ni yóò lọ sìnkú ní òru, ta ni yóò bá àwọn baálé ilé parí ìjà. Bẹ́ẹ̀ àwọn ìyá tó ń sọ bẹ́ẹ̀ gan-an ti ń lọ síbi òkú, wọ́n sì ti ń parí ìjà láti ọjọ́ pípẹ́. Nínú ìpàdé ìjọ tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń wáyé, obìnrin ló pọ̀ jù lórí ìjókòó, ìbò obìnrin àti ti ọkùnrin sì jẹ́ ọgbọọgba. Kò sí ìwé àṣẹ kankan tí wọ́n ní láti dúró dè láti ibòmíràn. Bí àwọn ìyá W.M.U. bá gbé ọwọ́ sókè fún ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí wọ́n dé ládé ní G.A., ìpàdé ọjọ́ kan ṣoṣo ti tó láti pè é.